Àsọtẹ́lẹ̀ àyọrísí fún ọmọ tuntun tí iwájú ikùn rẹ̀ kò padé

Àìpadé iwájú ikùn jẹ́ àléébù abínibí tó máa ń mú kí ìfun, nígbà mìíràn ẹ̀dọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, wà ní ìta ara ọmọ nígbà tí wọ́n bá bí i, nítorí pé awọ àti iṣan tó yẹ kó bò wọ́n kò so pọ̀ tán nínú oyún. Oríṣi rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù lọ ni gastroschisis àti omphalocele. Àsọtẹ́lẹ̀ àyọrísí ni ọ̀nà tí àwọn dókítà ń gbà fojú díwọ̀n, láti inú oyún títí di ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìbí, bóyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò yè, bí yóò ti pẹ́ tó kí ó tó lè mu ọmú, àti irú ìtọ́jú tí yóò gbà. Ní Ìbàdàn, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Áfíríkà, ohun tí ojú rí lára ìfun kì í ṣe gbogbo rẹ̀: àkókò tí ọmọ dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ, àti bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó nígbà tó dé, lè ṣe pàtàkì ju bí ihò náà ṣe tóbi tó lọ.

Àléébù yìí yàtọ̀ sí ìdodo tó yọ síta, èyí tí a ń rí lára ọ̀pọ̀ ọmọ wa. Awọ bo ìdodo bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló sì ń wọlé fúnra rẹ̀ bí ọmọ ti ń dàgbà. Ọmọ tí iwájú ikùn rẹ̀ kò padé gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí wọ́n bí i.

Ìyàtọ̀ oríṣi méjèèjì

Nínú gbogbo oyún, ìfun a máa kọ́kọ́ jáde sínú okùn ìwọ́, a sì máa padà sínú ikùn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejìlá. Bí kò bá padà, wọn yóò bí ọmọ náà pẹ̀lú àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí okùn ìwọ́ so mọ́, tí ìfun tàbí ẹ̀dọ̀ wà nínú rẹ̀. Omphalocele nìyẹn. Gastroschisis ní tirẹ̀ jẹ́ ihò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ́, lápá ọ̀tún lọ́pọ̀ ìgbà, tí kò ní àpò kankan. Ìfun á ti wà nínú omi ilé ọmọ fún ọ̀pọ̀ oṣù, èyí tó lè mú kí ó wú, kí ó nípọn, kí ó sì lẹ̀ mọ́ra. Àwọn ìyá tí kò tíì pé ogún ọdún ni wọ́n ń bí irú ọmọ yìí jù.

Lórí ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo àsọtẹ́lẹ̀ dúró. Ẹ̀yà ara yòókù sábà máa ń pé fún ọmọ tó ní gastroschisis, nítorí náà ìfun rẹ̀ ni a ń yẹ̀ wò. Ní ti omphalocele, ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti kromosómù ọmọ (àwọn okùn tíntìntín inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àbùdá) ló kọ́kọ́ yẹ ní wíwò, nítorí pé ó lé ní ìdajì àwọn ọmọ wọ̀nyí tó ní àléébù mìíràn. Bí ọmọ bá ní kromosómù 13 tàbí 18 mẹ́ta dípò méjì, ìrètí rẹ̀ kéré gan-an, bó ti wù kí àpò náà kéré tó. Bí àpò bá tóbi tí ẹ̀dọ̀ sì wà nínú rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró lè má dàgbà tó, mímí yóò sì nira fún ọmọ.

Kí wọ́n tó bí ọmọ

Skáànì lè fi àléébù méjèèjì hàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejìlá; èyí tí wọ́n bá ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ 18 sí 22 ló dára jù fún wíwo ẹ̀yà ara ọmọ níkọ̀ọ̀kan. Bí ìfun tó ṣẹ́ kù sínú ikùn bá fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó ṣeé ṣe kí ó ti dí níbì kan. Àǹfààní tó tóbi jù nínú skáànì yìí ni pé ó ń jẹ́ kí aboyún lè lọ bímọ síbi tí oníṣẹ́ abẹ ọmọdé wà. Gastroschisis nìkan kò tó ìdí láti fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ jáde.

Òṣùwọ̀n ìfun

Ní ọdún 2012, àwọn oníṣẹ́ abẹ ọmọdé ní Kánádà gbé òṣùwọ̀n kan jáde fún gastroschisis, èyí tí wọ́n fi ń fún ìfun ní máàkì ní kété lẹ́yìn ìbí. Wọ́n ń wò ó bóyá ìfun lẹ̀ mọ́ra, bóyá ó ti dí láti inú oyún, bóyá ó lu, àti bóyá apá kan rẹ̀ ti kú. Lílẹ̀ mọ́ra tó le gan-an gba máàkì 4, kíkú tó tàn káàkiri náà gba 4, nígbà tí dídí àti lílu gba 2 níkọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí máàkì rẹ̀ tó 2 ṣeé ṣe kó pẹ́ nílé ìwòsàn. Bó bá tó 4, ewu ikú ti pọ̀ sí i.

Ohun tí òṣùwọ̀n náà kò kà

Ibi tí ilé ìwòsàn ti ní gbogbo ohun èlò ni wọ́n ti ṣe òṣùwọ̀n yìí, ó sì yẹ kí a rántí bẹ́ẹ̀ bí a bá ń lò ó nílẹ̀ wa. Ìwádìí kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet tẹ̀ jáde ní ọdún 2021, tó kó àwọn ọmọ láti ilé ìwòsàn 264 ní orílẹ̀-èdè 74 jọ, fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó ní gastroschisis, 90 ló kú ní àwọn orílẹ̀-èdè tó tálákà jù, nǹkan bí 32 ní àwọn tó wà láàárín, tí kò sì tó 2 ní àwọn tó lówó. Àléébù kan náà ni. Ìtọ́jú ló yàtọ̀.

Ní Ìbàdàn, UCH, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1957, ni ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ń darí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí wọ́n bí ní Ṣakí tàbí Ìṣẹ́yìn ní ìrìn gígùn láti rìn kó tó débẹ̀, ara ìfun tó wà níta sì ni omi àti ooru ara ń gbà sá lọ ní gbogbo àkókò náà. Ọmọ tó dé pẹ̀lú ara tútù, tí omi ara rẹ̀ ti gbẹ, tí àkóràn sì ti wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, lè kú bí ìfun rẹ̀ tilẹ̀ rí dáadáa. Nítorí náà, iṣẹ́ agbẹ̀bí tó gba ọmọ náà ń yí àsọtẹ́lẹ̀ padà: kí ó fi ọ̀rá tó mọ́ tónítóní wé ìfun náà mọ́ ara ọmọ, kí ó fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọmọ lélẹ̀ kí ìfun má baà lọ́, kí ó mú ara rẹ̀ gbóná, kí ó ki rọ́bà sí i nímú láti fa omi inú ikùn rẹ̀, kí ó sì fa omi sí i lára. Kò gbọdọ̀ ti ìfun wọlé, kò sì gbọdọ̀ fi àgbo tàbí epo kàn án.

Bí ikùn bá kéré jù láti gba ìfun pa dà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn oníṣẹ́ abẹ máa ń fi àpò kan bò ó, wọn á máa tì í wọlé díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Níbi tí àpò tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí kò sí, àwọn dókítà ní Áfíríkà ti fi àpò omi dírípù ṣe é. Lẹ́yìn èyí, ìfun lè má ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, oúnjẹ tí wọ́n ń fà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ló sì ń gbé ọmọ ró. Ó wọ́n, kì í sì í sábà wà nílẹ̀. Níbi tí kò bá sí, ebi àti àkóràn lè pa ọmọ tí iṣẹ́ abẹ rẹ̀ yọrí.

Omphalocele tí àpò rẹ̀ kò ya ń fún dókítà láyè díẹ̀ sí i. Wọ́n lè máa fi oògùn apakòkòrò tàbí oyin kun àpò náà títí awọ yóò fi bò ó, kí wọ́n sì fi iṣẹ́ abẹ sílẹ̀ di ìgbà tí ọmọ bá dàgbà díẹ̀. Àpò tó bá ya ba àsọtẹ́lẹ̀ jẹ́ púpọ̀. Bí ahọ́n ọmọ bá tóbi, kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láìjáfara, nítorí pé ó lè jẹ́ àmì àrùn Beckwith-Wiedemann, àrùn abínibí tó lè mú kí ṣúgà náà lọ sílẹ̀ jù, tó sì tún ń mú kí ewu jẹjẹrẹ kíndìnrín àti ti ẹ̀dọ̀ pọ̀ sí i ní ìgbà èwe. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní láti máa ṣe skáànì ikùn fún ọdún mélòó kan.