Láísẹ́ǹsì tó so mọ́ ẹ̀rọ: àlàyé lórí hostid

Ẹ ra ètò kọ̀ǹpútà olówó ńlá kan. Láísẹ́ǹsì rẹ̀ kò ní ọjọ́ ìparí, ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà ètò náà dáadáa. Ó wá di ọjọ́ kan, mọ́dábọ́ọ̀dù (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà inú so mọ́) kọ̀ǹpútà tó ń lò ó jóná. Ẹ kó gbogbo fáìlì lọ sórí ẹ̀rọ tuntun, ẹ ṣí ètò náà, ó ní òun ò rí láísẹ́ǹsì. Bẹ́ẹ̀, kò sí fáìlì kankan tó sọnù. Nọ́mbà kan tí ń jẹ́ hostid ló bá ẹ̀rọ àtijọ́ lọ.

Hostid ni nọ́mbà tí ètò fi ń dá ẹ̀rọ kan mọ̀ yàtọ̀ sí àwọn yòókù. Bí ilé-iṣẹ́ tó ń ta ètò bá fẹ́ kó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ kan péré, wọ́n á gba nọ́mbà yìí lọ́wọ́ oníbàárà, wọ́n á kọ ọ́ sínú fáìlì láísẹ́ǹsì, wọ́n á wá fi ìṣirò àṣírí kan dè é. Gbogbo ìgbà tí ètò bá ń bẹ̀rẹ̀, á ka nọ́mbà ẹ̀rọ tó bá ara rẹ̀ lórí rẹ̀, á sì fi wé ti inú fáìlì. Tí méjèèjì ò bá dọ́gba, kò ní ṣiṣẹ́. Irú láísẹ́ǹsì yìí ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní node-locked.

FLEXlm, tó ti wà láti ìparí àwọn ọdún 1980, wà lára irinṣẹ́ tó gbajúmọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí. Bí ẹ̀rọ kan bá ń pín láísẹ́ǹsì fún àwọn yòókù, ìlà àkọ́kọ́ nínú fáìlì rẹ̀ sábà máa ń rí báyìí:

SERVER yara3 001a2b3c4d5e 27000

Orúkọ ẹ̀rọ ni yara3. 27000 ni pọ́ọ̀tù tí àwọn ẹ̀rọ yòókù ń gbà bá a sọ̀rọ̀. Ẹ lè yí méjèèjì padà bó ṣe wù yín. Hostid tó wà láàárín ni kò ṣeé fọwọ́ kàn: ẹ yí àmì kan péré padà níbẹ̀, ìṣirò àṣírí tó wà nísàlẹ̀ fáìlì ò ní bá a mu mọ́.

Ibo wá ni nọ́mbà náà ń gbé nínú ẹ̀rọ? Ìbéèrè yìí ló jù, torí ìdáhùn rẹ̀ ló máa sọ ohun tí ẹ lè pààrọ̀ àti èyí tí ẹ ò gbọdọ̀ pààrọ̀.

Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, àdírẹ́sì MAC ni, ìyẹn àmì méjìlá tí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbé wá láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Tí káàdì náà bá ṣeé yọ, ọ̀rọ̀ ti tán: ẹ yọ ọ́, ẹ fi í sínú ẹ̀rọ tuntun, nọ́mbà ti bá yín lọ. Tó bá jẹ́ ara mọ́dábọ́ọ̀dù ló wà, mọ́dábọ́ọ̀dù ló máa bá kú. Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, tún ní ìyọnu tirẹ̀. Àwọn ètò àtijọ́ a máa wá káàdì tó ń jẹ́ eth0, àmọ́ Linux ìsinsìnyí ń sọ ọ́ ní orúkọ bí enp3s0. Káàdì wà, nọ́mbà rẹ̀ pé, ètò ni kò mọ ibi tó máa wò. Lọ́pọ̀ ìgbà, tí ẹ bá fi net.ifnames=0 kún ohun tí kernel (ọkàn Linux) ń kà nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀, eth0 á padà dé.

Lórí Windows, àwọn ètò kan ń ka nọ́mbà tí dísìkì gbà lọ́jọ́ tí wọ́n fọ́ọ̀mátì í. Ẹ tẹ vol c: nínú Command Prompt, ẹ ó rí àmì mẹ́jọ. Ẹni tó fọ́ọ̀mátì dísìkì tuntun, tó wá ń da fáìlì sí i díẹ̀díẹ̀, ti sọ nọ́mbà náà nù. Ẹni tó ṣe ẹ̀dà odindi dísìkì látòkè délẹ̀ kò pàdánù nǹkan kan.

Èyí tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu jù ni ti Sun Microsystems, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà nígbà kan. Àwọn workstation SPARC (kọ̀ǹpútà alágbára fún iṣẹ́ ńlá) tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1990 sí 1999 ń tọ́jú hostid àti àdírẹ́sì MAC sínú ṣíìpù kékeré kan, irú M48T02. Inú ike ṣíìpù náà ni bátìrì rẹ̀ wà, nǹkan bí ọdún 10 ni wọ́n sì ṣírò pé ó máa lò. Lọ́jọ́ tí bátìrì bá tán, ẹ tan ẹ̀rọ, ó kọ ọ́ síta pé IDPROM contents are invalid, gbogbo àdírẹ́sì MAC sì di ff. Dísìkì ò ní àrùn, iná ń wọlé, ṣùgbọ́n kò sí láísẹ́ǹsì kan tó máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ náà. Àwọn tó mọwọ́ rẹ̀ a máa gé ike ṣíìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á já bátìrì inú kúrò, wọ́n á so bátìrì pẹlẹbẹ mọ́ ọn láti ìta, wọ́n á wá fi àṣẹ mkp kọ nọ́mbà àtijọ́ padà láti inú OpenBoot, ètò tó kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ náà. Orí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ṣíìpù ni nọ́mbà náà sábà máa ń wà, nítorí náà ẹ ya fọ́tò bébà yẹn kí ayùn tó kan ike. Tó bá jẹ́ mọ́dábọ́ọ̀dù ló kú, iṣẹ́ kékeré ni: ẹ yọ ṣíìpù náà, ẹ fi í sórí mọ́dábọ́ọ̀dù mìíràn tó jẹ́ irú kan náà.

Ti dongle, ohun kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò ẹ̀rọ kí ètò tó lè ṣiṣẹ́, yàtọ̀, nítorí inú rẹ̀ ni nọ́mbà wà, kò sí nínú ẹ̀rọ rárá. Ìṣòro rẹ̀ ni pé èyí àtijọ́ ń wá ihò ìtẹ̀wé onípíìnì 25. Wáyà tó ń sọ USB di ihò ìtẹ̀wé kì í sábà ràn án lọ́wọ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìkan ló mọ̀ ọ́n bá sọ̀rọ̀. Káàdì PCI tó ní ihò ìtẹ̀wé, tí wọ́n ń fi sínú kọ̀ǹpútà, ló sàn.

Power supply (ẹ̀yà tó ń pín iná fún ẹ̀rọ), fáànù àti mọ́nítọ̀, ẹ pààrọ̀ wọn láìfòyà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ju odindi ẹ̀rọ nù nítorí power supply nìkan, hostid rẹ̀ sì pé pérépéré. Ní tèmi, ká tún ẹ̀rọ àtijọ́ ṣe ló yẹ ká kọ́kọ́ gbìyànjú. Ẹ kàn ṣọ́ra fún àwọn ètò tó ń wo nǹkan púpọ̀ pọ̀: Windows XP ti 2001 ń wo nǹkan 10, iye RAM wà lára wọn, ó sì gbà kí díẹ̀ yí padà.

Tí ẹ̀rọ ò bá ṣeé tún ṣe mọ́, ẹ lè kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ pé kí wọ́n ṣe rehost, kí wọ́n kọ hostid tuntun sínú fáìlì tuntun. Ẹni tí kò san owó àbójútó mọ́ lè gbọ́ pé kó kọ́kọ́ san ti àwọn ọdún tó fò. Àwọn mìíràn ń gbé ẹ̀rọ àtijọ́ sínú ètò bíi VirtualBox, tó ń ṣe bí ẹni pé kọ̀ǹpútà mìíràn wà nínú kọ̀ǹpútà, tó sì gbà kí èèyàn fúnra rẹ̀ kọ àdírẹ́sì MAC. Ẹ ka àdéhùn yín ná, torí ọ̀pọ̀ ló ka èyí léèwọ̀. Tí ẹ̀rọ àtijọ́ bá sì ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láísẹ́ǹsì kan ti di méjì nìyẹn. Tí ilé-iṣẹ́ bá ti kógbá sílé, ọwọ́ òfin ló kù. Ní Amẹ́ríkà, ní 2003, ìjọba fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí dongle wọn bàjẹ́ tí kò sì sí òmíràn mọ́, pé wọ́n lè yẹ ìdènà náà sílẹ̀. Wọ́n tún un fọwọ́ sí ní 2006 àti 2010. Kì í ṣe àyè ayérayé.

Kí ẹ̀rọ tó kú, ẹ tẹ lmhostid (ti FLEXlm), hostid (lórí ẹ̀rọ Sun) tàbí vol (lórí Windows), ẹ kọ ohun tó bá jáde sórí ìwé, kí ẹ sì so ó pọ̀ mọ́ rìsíìtì ìrajà. Fọ́ọ̀mù rehost máa bèèrè méjèèjì. Tí ẹ̀rọ bá ti kú kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ wo ìlà SERVER inú fáìlì láísẹ́ǹsì yín: hostid àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀.