Kì í ṣe ihò ló wà láàárín ìràwọ̀

Àwòrán kan tún dé sórí WhatsApp ẹbí wa láìpẹ́ yìí. Ojú ọ̀run ni, ìràwọ̀ kún un fọ́fọ́, ṣùgbọ́n láàárín gbùngbùn rẹ̀ ohun kan wà tó dúdú bíi kóró iṣin. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ihò tó tóbi jù lọ lágbàáyé nìyí, pé kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀. Àbúrò mi tó ń gbé ní Láfẹ́ńwá béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé lóòótọ́ ni?" Kí n tó fèsì, màámi ti fi ohùn ránṣẹ́: "Ibi tí ìràwọ̀ ò bá sí, kí ló tún kù níbẹ̀ bí kò ṣe òfìfo?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ fara balẹ̀ dáhùn níbí, nítorí kì í ṣe màámi nìkan ló gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé ìràwọ̀ nìkan ni nǹkan, pé òkùnkùn àárín wọn kò já mọ́ ohun kan. Ohun tó wà nínú àwòrán yẹn ní orúkọ: Barnard 68. Ìkùukùu ni, gáàsì àti eruku tó kóra jọ. Ó jìnnà sí wa tó bí 500 ọdún ìmọ́lẹ̀, ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ tó bá kúrò níbẹ̀ lónìí yóò rìn fún bí 500 ọdún kó tó kàn wá. Ìràwọ̀ pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bẹẹrẹ. Òun ló dí wọn mọ́ wa lójú.

Ẹni tó bá ti gbé Abẹ́òkúta lásìkò ọyẹ́ ti rí irú rẹ̀ rí. Ẹ óò jí láàárọ̀ oṣù Kìíní, ẹ óò kọjú síbi tí Olúmọ wà, ẹ ò ní rí i. Kò sí ará Ẹ̀gbá tí yóò sọ pé Olúmọ ti ṣí lọ, tàbí pé ihò ti wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Eruku ló bọ́ sáàárín. Eruku yẹn kan náà wà nínú yàrá yín, ṣùgbọ́n yàrá kò jìn tó kí ẹ fi rí i. Ìgbà tó bá di kìlómítà mélòó kan ló tó kóra jọ bo àpáta.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni lójú ọ̀run. Àyè tí kò ju sẹ̀ǹtímítà kan níbùú, lóròó àti ní gíga, tí ẹ bá wọ̀n ọ́n nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, ohun tó wà níbẹ̀ tó mólékù bílíọ̀nù 25 lọ́nà bílíọ̀nù kan, ìyẹn àwọn ẹyọ wíwẹ́wẹ́ tó para pọ̀ di afẹ́fẹ́. Láàárín ìràwọ̀ sí ìràwọ̀, irú àyè bẹ́ẹ̀ lè má ní ju átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo lọ. Nínú ìkùukùu tó dúdú, ó lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Kékeré náà ṣì ni. Eruku inú rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìdá kan nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Barnard 68 fẹ̀ tó ìdajì ọdún ìmọ́lẹ̀, bíi tírílíọ̀nù 4.7 kìlómítà. Ibi tó gùn tó báyẹn ni ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbà bọ̀, ó sì ń kú sọ́nà.

Ọyẹ́ tún jẹ́ ká rí ẹ̀rí kejì. Ẹ rántí bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣe máa ń pọ́n lásìkò náà, tí ojú á lè wò ó tààrà. Ìmọ́lẹ̀ búlúù ti fọ́n ká sọ́nà, pupa ló rọ́nà kọjá. Ẹ tún wo àwòrán Barnard 68 tí wọ́n fi awò ńlá yà ní Chile: àwọn ìràwọ̀ tó wà létí rẹ̀ pọ́n ju àwọn yòókù lọ. Ihò kò lè sọ ìràwọ̀ di pupa. Ìmọ́lẹ̀ mìíràn tún wà tí ojú èèyàn kò rí, infrared ni wọ́n ń pè é, tí eruku kì í fi bẹ́ẹ̀ dá dúró. Nígbà tí onímọ̀ ìràwọ̀ João Alves àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi irú ìmọ́lẹ̀ yìí wo ibẹ̀, tí wọ́n sì tẹ iṣẹ́ wọn jáde lọ́dún 2001, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìràwọ̀ ni wọ́n rí gba inú "ihò" náà. Bí ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe pọ́n tó ni wọ́n fi mọ bí ìkùukùu náà ṣe nípọn tó níbẹ̀.

Ẹ má sì rò pé àìmọ̀wé ló fa àṣìṣe yìí. William Herschel, ọ̀kan lára àwọn tó mọ ojú ọ̀run jù lọ nígbà ayé rẹ̀, kọ ọ́ lọ́dún 1785 pé ihò wà lára àkójọ ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Àkekèé. Edward Barnard, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìkùukùu yìí, to irú ibi dúdú bẹ́ẹ̀ 182 jọ lọ́dún 1919, òun náà sì pẹ́ kó tó gbà pé nǹkan ló ń dí ìràwọ̀ lójú. Lọ́dún 1930 ni onímọ̀ ìràwọ̀ mìíràn, Robert Trumpler, fi hàn pé eruku wà káàkiri àárín ìràwọ̀.

Ìyá ìyá mi rẹ aṣọ láró ní Ìtòkú títí agbára fi kọ̀. Àwọn àlejò tó wá ra àdìrẹ máa ń tọ́ka sí funfun ara aṣọ, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, báwo lẹ ṣe fi èyí sí i?" Ìyá á ní, rárá o, funfun ni bí aṣọ ṣe wà kó tó dé ọwọ́ àwọn, ẹ̀kọ ló dènà, tí aró kò fi débẹ̀. Ibi tó dúdú ni iṣẹ́ wà. Bí aṣọ bá ṣe wọ ìkòkò léraléra tó, bẹ́ẹ̀ ló ń dúdú sí i. Èmi kò lè wo òkùnkùn àárín ìràwọ̀ mọ́ kí n má gbọ́ ohùn wọn.

Nítorí inú òkùnkùn yẹn gan-an ni wọ́n ti ń bí ìràwọ̀. Eruku tó dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ wa lójú ló ń dá ooru àwọn ìràwọ̀ tó wà níta dúró, inú ìkùukùu á sì tutù gan-an, ó lè tó dígírì 260 sísàlẹ̀ òdo. Gáàsì tó gbóná ń tú ká. Èyí tó tutù kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ìwúwo ara rẹ̀ lè borí rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ sí í fún un pọ̀. Bó ṣe ń fún ni àárín ń gbóná, títí yóò fi tó bíi mílíọ̀nù 10 dígírì, tí háídírójìn, gáàsì tó pọ̀ jù nínú ìkùukùu náà, á máa para pọ̀ di gáàsì mìíràn tí wọ́n ń pè ní hílíọ̀mù. Ìràwọ̀ dé nìyẹn. Fún èyí tó tó oòrùn wa, ètò náà ń gba ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún. Àwọn kan ń pe àwòrán yìí ní black hole, ìyẹn ohun tí agbára òòfà rẹ̀ pọ̀ débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè jáde nínú rẹ̀. Ìyẹn náà kò rí bẹ́ẹ̀: òkú ìràwọ̀ ńlá ló sábà máa ń di black hole, ṣùgbọ́n ibi tí à ń wò yìí ni wọ́n ti ń lóyún ìràwọ̀.

Iṣẹ́ ọ̀hún kò tíì parí. Nínú Milky Way, agbo ìràwọ̀ tí oòrùn wa wà, gáàsì tó ń di ìràwọ̀ lọ́dún kan tó ìwọ̀n oòrùn kan sí méjì. Ìbá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n gáàsì náà ń ru gùdù, agbára mágínẹ́ẹ̀tì ń dì í mú, àwọn ìràwọ̀ ńlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí sì ń fẹ́ èyí tó kù dànù.

Màámi, ní oṣù Kejì, lálẹ́ ọjọ́ tí ọyẹ́ bá ṣíjú díẹ̀, tí wọ́n bá sì mú iná lọ, ẹ jáde sẹ́yìnkùlé kí ẹ gbójú sókè. Ẹ óò rí ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò ní ìlà kan. Lápá gúúsù wọn, ìràwọ̀ kéékèèké mìíràn tún tò; èyí tó wà láàárín wọn kò mọ́ kedere, ó dà bí àtùpà tí èéfín bò. Ìkùukùu Orion nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ tó wọ ojú yín ti kúrò níbẹ̀ láti bí 1,300 ọdún sẹ́yìn. Oòrùn wa ti lé ní bílíọ̀nù 4.5 ọdún, ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ inú ìkùukùu yẹn kò tíì ju mílíọ̀nù mélòó kan lọ.