Kọ́kọ́ Jókòó Sórí Kẹ̀kẹ́: Ibi Tí Iṣẹ́ Ọmọ IT Láàárín Àwọn Àkàndá Ẹ̀dá Ti Ṣẹ̀ Wá

Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé kan ni ọmọkùnrin kan bá wa ní pápá ilé ìwé tí a ti máa ń bá àwọn àkàndá ẹ̀dá ṣeré ní Ìkòròdú. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló wọ̀, ó de táì mọ́rùn, ó sì di àpòòwé kan mú bí ẹni tó fẹ́ lọ rí máníjà báńkì. "Ẹ káàárọ̀ sà. Wọ́n ní kí n wá ṣe IT mi lọ́dọ̀ yín." Mo ka lẹ́tà rẹ̀: IT ni, iṣẹ́ tí wọ́n ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ níta kó tó gboyè. Ẹ̀kọ́ eré ìdárayá ló ń kọ́ ní yunifásítì. Mo bi í pé kí ló rò pé òun wá ṣe. Ó wo àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn, tí wọ́n jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù síra wọn, ó wo àwọn afọ́jú méjì tó ń lé bọ́ọ̀lù tí a fi ọ̀rá wé kí ó lè máa dún ṣáráṣárá nílẹ̀, ó ní, "Mo rò pé màá máa ràn wọ́n lọ́wọ́ ni, sà."

Bọ̀dá kan tó ń fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ ẹ̀ nítòsí bú sẹ́rìn-ín. "Ràn wá lọ́wọ́ kẹ̀? Wá jókòó síbí ná." Ó ti kẹ̀kẹ́ kan tó ṣófo sọ́dọ̀ ọmọ náà. Ọmọ náà jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá táyà mú, ó tì í. Kẹ̀kẹ́ kò lọ síwájú, ńṣe ló ń yí po lójú kan, nítorí apá ọ̀tún rẹ̀ lágbára ju tòsì lọ. Nígbà tó fi máa dé ibi igi góòlù, tí kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ, ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, etí ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà sì ti dúdú fún ìdọ̀tí táyà.

Ìgbà tó ń mu píọ́ wọ́tà ló béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló tiẹ̀ dá irú iṣẹ́ báyìí sílẹ̀. Mo sọ díẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà. Èyí tí mi ò ráyè sọ tán ni mo ń kọ síbí.

Dókítà kan tó sá fún Hitler ni. Ludwig Guttmann lorúkọ rẹ̀, wọ́n bí i ní 1899 ní ilẹ̀ Jámánì, iṣẹ́ ọpọlọ àti iṣan ló sì yàn láàyò. Júù ni. Nígbà tí ilé kò gbà á mọ́, tí ọ̀nà kò gbà á, ó kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, wọ́n forí lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1939. Ọdún yẹn gan-an ni ogun bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó di 1944, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé àwọn ọmọ ogun fẹ́ gúnlẹ̀ sí Yúróòpù, tí ọ̀pọ̀ yóò sì fara gbọta, wọ́n ní kí ó wá ṣí ẹ̀ka kan fún àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn bà jẹ́, ní ilé ìwòsàn Stoke Mandeville, lẹ́bàá ìlú Aylesbury. Oṣù kejì ọdún náà ló bẹ̀rẹ̀.

Nígbà náà, ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ bá já, wọ́n ti kà á mọ́ òkú. Wọn á tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, wọn á máa fún un lóògùn ìrora, wọn á máa retí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pá ẹ̀yìn kọ́ ló ń pa wọ́n. Egbò ni: egbò tí ìdùbúlẹ̀ lójú kan ń dá sí ìdí àti ẹ̀yìn, pẹ̀lú àrùn tó ń gba ojú ìtọ̀ wọ inú kíndìnrín. Guttmann pàṣẹ pé kí wọ́n máa yí aláìsàn padà ní wákàtí méjì méjì, tọ̀sán tòru. Òun fúnra rẹ̀ a máa yọ sí wọ́ọ̀dù lóru láti wò ó bóyá wọ́n ń yí wọn lóòótọ́. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn ọkùnrin náà. Kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀, kò sí oògùn tuntun. Ọwọ́ ènìyàn àti aago ni.

Wọn kò kú mọ́. Ìṣòro kejì wá yọjú: ọmọ ogun ẹni ogún ọdún tí kò kú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e mọ́, kí ni yóò máa fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe?

Àwọn aláìsàn ló kọ́kọ́ dáhùn. Guttmann bá wọn níta lọ́jọ́ kan, wọ́n wà lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n dorí ọ̀pá ìtìlẹ̀ kodò, wọ́n ń fi gbá ohun pẹlẹbẹ kan kiri. Kò dúró sẹ́nu ọ̀nà kí ó máa fún wọn ní ìmọ̀ràn. Òun àti Hill, ọmọ ológun tó ń darí eré ìdárayá níbẹ̀, wá kẹ̀kẹ́ fún ara wọn, wọ́n jókòó sí i, wọ́n gbá a wò. Bí póòlò orí kẹ̀kẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pa á tì, nítorí ó le jù, ọ̀pá a máa ba ènìyàn lójú. Bọ́ọ̀lù alágbọ̀n ló rọ́pò rẹ̀. Ọfà títa náà wọlé, ọgbọ́n sì wà nínú ẹ̀: ẹni tó ń fa ọrun ń lo apá, èjìká àti àyà, àwọn ibi tí ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ nílò agbára sí gan-an. Oògùn ni wọ́n fi eré bò.

Ní ọjọ́ 29 oṣù keje 1948, ọjọ́ tí Òlímpíìkì ṣí ní Lọ́ńdọ̀nù, Guttmann kó aláìsàn 16, ọkùnrin 14 àti obìnrin 2, jáde sórí koríko ilé ìwòsàn láti díje nínú ọfà títa. Ọjọ́ kan náà ló mọ̀ọ́mọ̀ mú. Ní 1952 àwọn ọmọ ogun tẹ́lẹ̀ láti ilẹ̀ Netherlands wá bá wọn díje. Ní 1960 ó ti di Róòmù: eléré ìdárayá 400 láti orílẹ̀-èdè 23. Ohun tí gbogbo ayé ń pè ní Paralympics lónìí nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Òyìnbó ló kọ́kọ́ jẹ́ kí a mọ̀ pé arọ lè ṣeré o. Ẹ lọ sí ìdí ọpọ́n ayò nírọ̀lẹ́, ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́: ihò 12, ọmọ ayò 48, kò sẹ́ni tó ń bi ọ̀tayò léèrè ẹsẹ̀. Àwọn baba wa ní ẹni òrìṣà ni àwọn àkàndá ẹ̀dá, Ọbàtálá ló ni wọ́n, a kì í fi wọ́n ṣẹ̀sín. Àmọ́ láti fi eré ṣe ìtọ́jú, kí a sì máa kọ́ ọ̀dọ́ níṣẹ́ náà bí ẹni ń kọ́ télọ̀, ìyẹn ni a kò ní.

Ìdí ẹ̀kọ́ṣẹ́ yìí, Amẹ́ríkà ni kí a wò. Ní Hull House, ilé tí Jane Addams dá sílẹ̀ ní Chicago ní 1889 fún àwọn tálákà àti àlejò, wọ́n ti ń fi eré tún ayé ènìyàn ṣe. Obìnrin kan, Neva Boyd, ṣí ilé ẹ̀kọ́ síbẹ̀ ní 1920 láti máa kọ́ àwọn tó fẹ́ darí eré. Àwọn ọmọ Red Cross náà ti ń darí eré ní ilé ìwòsàn àwọn ológun. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun tó padà dé lórí kẹ̀kẹ́ fẹ́ lọ sí yunifásítì. Ní 1948 Tim Nugent bẹ̀rẹ̀ ètò fún wọn ní Yunifásítì Illinois, nígbà tó sì di 1949 ó ti dá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alágbọ̀n orí kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fún gbogbo Amẹ́ríkà.

Ibi tí mo ti rí ọmọ IT nínú ìtàn yìí dáadáa ni 1962, ní ẹ̀yìnkùlé Eunice Kennedy Shriver ní Maryland. Ó kó àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn kò tètè gba nǹkan jọ fún eré ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì wá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama àti yunifásítì láti máa bá wọn ṣe é, ọmọ kan sí akẹ́kọ̀ọ́ kan. Ọ̀pọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn kò tíì bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jókòó rí. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ọjọ́ 20 oṣù keje 1968, Special Olympics àkọ́kọ́ wáyé ní pápá Soldier Field ní Chicago. Ní 1970, wọ́n ní kí Hal O'Leary, tó ń kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń yọ̀ lórí yìnyín ní Winter Park, Colorado, kọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ tàbí lápá láti ilé ìwòsàn ọmọdé ní Denver. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ṣètò rẹ̀ fún. Títí di òní wọn kò tíì dáwọ́ dúró.

Bí iṣẹ́ náà ti ń gbòòrò, wọ́n rí i pé inú rere nìkan kò tó. Ní 1981 wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń fún àwọn tó ń fi eré ṣe ìtọ́jú ní ìwé ẹ̀rí. Kí ènìyàn tó gbà á, ó ní láti ṣiṣẹ́ ní wákàtí 560, fún ọ̀sẹ̀ 14 léra léra ó kéré tán, lábẹ́ ẹni tó ti ní ìwé ẹ̀rí ọ̀hún. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ náà báyìí: ìgbà tí o bá ṣe é tán ni wọ́n tó lè ṣe fírídọ̀mù fún ẹ. Kíá ló yé e.

Tiwa ńkọ́? Ogun kan náà tó bí Stoke Mandeville ló bí Ìgbóbì. Ní 1945 ni ilé ìwòsàn eegun Ìgbóbì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, fún àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ físíò, ìyẹn fífi ìdárayá àti ọwọ́ tọ́jú ara, ti ta gbòǹgbò ní Nàìjíríà. Ní 1966 Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ ní oyè dìgírì. Ní 1977 wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá sílẹ̀, èyí tó wà ní Ọ̀yọ́ lónìí. IT fúnra rẹ̀, ITF, àjọ tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1971 ló gbé e kalẹ̀ ní 1973 lábẹ́ orúkọ SIWES, nítorí àwọn ilé iṣẹ́ ń ráhùn pé àwọn tó ń jáde mọ̀wé ṣùgbọ́n wọn ò mọ iṣẹ́. Oṣù mẹ́rin ni ti àwọn ọmọ Poli, oṣù mẹ́fà ni ti ọ̀pọ̀ àwọn tó wà ní yunifásítì. Ẹnjiníà ló wà lọ́kàn wọn nígbà náà o, kì í ṣe ẹni tí yóò máa ju bọ́ọ̀lù ní pápá.

Àwọn eléré wa kò dúró de ọmọ IT. Ní Barcelona 1992, ìgbà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà lọ sí Paralympics, Ajibola Adeoye, tí apá rẹ̀ kò pé, sá mítà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá 10.72, ó gba wúrà, ó tún gba ti mítà 200. Ní Lọ́ńdọ̀nù 2012, Yakubu Adesokan, tí kò wúwo ju kílò 48 lọ, gbé irin kílò 180. Ẹ tún un kà. Ní Sùúrùlérè, Kánò àti ibòmíràn, àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú lẹ́sẹ̀ jókòó sórí pátákó onítáyà, wọ́n ń fi ọwọ́ ti ara wọn, wọ́n sì ń gbá bọ́ọ̀lù.

Àtìgbà tí ìjọba Èkó ti ṣòfin nípa àwọn àkàndá ẹ̀dá ní 2011, tí ti àpapọ̀ sì tẹ̀lé e ní 2019 pẹ̀lú ọdún márùn-ún tí wọ́n fi sílẹ̀ kí a fi tún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò ṣe, òfin ti wà. Ẹ wá bá wa dúró ní Sábó kí ẹ dá dáńfó dúró pẹ̀lú kẹ̀kẹ́. Kọ̀ńdọ́ á ní, "Ẹ ó san owó ẹni mẹ́ta o, ẹrù yín pọ̀." Kẹ̀kẹ́ tí a fi ń ṣeré gan-an, ti ilé ìwòsàn ni. Kẹ̀kẹ́ bọ́ọ̀lù alágbọ̀n gidi, táyà rẹ̀ máa ń fẹ̀ sísàlẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹni tó ya ẹsẹ̀ dúró, kí ó lè tètè yí, kí ó má sì dojú dé. Tiwa dúró gbọnrangandan. Bí òjò bá rọ̀, àwọn táyà kékeré iwájú á rì sínú iyanrìn, a ó kàn jókòó ta ayò ni.

Èyí tó ń dùn mí jù ni lọ́gíbúùkù, ìwé tí ọmọ IT fi ń kọ iṣẹ́ tó ṣe sílẹ̀. Mo mọ ibì kan, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, tí ọmọ kan ti ṣe IT oṣù mẹ́fà, tó jẹ́ pé búrẹ́dì àti kóòkì ló ń lọ rà fún àwọn ọ̀gá. Nígbà tó kù ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n jókòó, wọ́n kọ ohun tí kò ṣe sínú ìwé náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn.

Ọmọ wa tó de táì, ó lo oṣù mẹ́fà rẹ̀ pé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó ti ń wọ jẹ́sì. Ní oṣù kejì ó kọ́ pé a kì í di kẹ̀kẹ́ ẹnikẹ́ni mú lẹ́yìn láì béèrè. Bọ̀dá náà ló kọ́ ọ, tohùn tariwo. Ní oṣù kẹrin ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń lẹ túùbù fúnra rẹ̀, torí fọkanáísà ìtòsí kì í ṣí ní Sátidé. Ìgbà tí mo fẹ́ fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, Bọ̀dá ní kí n gbé e wá. Ó ṣí i láti ojú ewé àkọ́kọ́, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀, ó fa ìlà pupa sí ibì kan tí ọmọ náà kọ pé òun "ran àwọn aláìsàn lọ́wọ́". Ó ní, "Ta ló ń ṣàìsàn níbí?" Ọmọ náà gba bírò, ó pa á rẹ́, ó kọ "eléré ìdárayá". Bọ̀dá wá dá ìwé padà fún mi.

Oṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan tún yọ, bàtà ẹlẹ́gigírísẹ̀ ló wọ̀, àpòòwé lọ́wọ́. Kí n tó ṣí ẹnu, Bọ̀dá ti ń ti kẹ̀kẹ́ òfìfo bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.