Ta Ló Ní Kí Ẹ Fi Òróró Sí I?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan, ọkùnrin mẹ́ta tó ń ṣe àyẹ̀wò ọmọ bíbí ló gbé àtọ̀ tó ní òróró wá fún mi ní lábù wa ní Ìlọrin níbí. Ọ̀kan fi àdí àgbọn ra ọwọ́ láti fi gbà á, ọ̀kan fi òrí, ẹnì kẹta fi òróró èso dúdú hàbàtù-sáúdà tí ààfáà gbàdúrà sí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bínú nígbà tí mo ní kí wọ́n gbé e padà. Ọ̀kan tilẹ̀ ní kí n lọ pe dókítà wá, pé kí ni nọ́ọ̀sì mọ̀? N kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ọdún 19 rèé tí mo ti ń fojú sínú máíkírósíkóòpù, dókítà tí ẹ sì ń pè yẹn, ìwé tí mo bá kọ ló máa kà.

Sípáàmù ni ohun tíntìntín tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú àtọ̀, tó ń mú obìnrin lóyún. Ìwọ̀n tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gbé jáde ní 2021 ni a ń lò: ó kéré tán, mílíọ̀nù 16 nínú mílílítà kan, kí 30 nínú ọgọ́rùn-ún sì máa lúwẹ̀ẹ́ lọ síwájú. Ìyẹn tó.

Òróró ni mo fẹ́ sọ. Tó bá wọ inú àtọ̀, lábẹ́ awò, ṣe ló dà bí ojú ọbẹ̀ tí epo léfòó sí, róbótó róbótó, ó ń dán. Sípáàmù tó yẹ kó máa sáré á lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìrù rẹ̀ á máa gbọ̀n lójú kan bí ẹja inú ẹrọ̀fọ̀. Èmi tí mò ń kà á, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ èyí tí àìsàn dá dúró àti èyí tí òróró dá dúró? Itọ́ ẹnu náà ń bà á jẹ́. Ọṣẹ ń bà á jẹ́. Kọ́ńdọ̀mù tí ẹ ń rà ní kẹ́mísì, ẹ má gbé e wá. Ọwọ́ tí ẹ fọ̀, tí ẹ ṣan, tí ẹ nù gbẹ, òun la fẹ́. Kí ó ti tó ọjọ́ méjì sí méje tí ẹ ti bá ìyàwó yín ṣe kẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ gbà sínú ike, nítorí èyí tó kọ́kọ́ jáde ni sípáàmù pọ̀ nínú rẹ̀ jù, òun gan-an lẹ sì máa ń dà sílẹ̀. Kí wákàtí kan tó pé, kó ti dé ọwọ́ mi, nínú aṣọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, kì í ṣe nínú ọ̀rá pẹ̀lú omi dídì. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ọ̀fà, kó wá gbà á níbí. A ní yàrá, ó sì ní kọ́kọ́rọ́.

Èyí tí ẹ ń mu ńkọ́? N kò bá ewé àti egbò jà. Ní Ìránì, wọ́n fún àwọn ọkùnrin kan ní òróró hàbàtù-sáúdà mu fún oṣù méjì, sípáàmù wọn sì dára sí i. Ìdánwò kékeré ni, ṣùgbọ́n wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n kà á. Èwo ni ẹni tó ń pariwo lẹ́nu ẹ̀rọ ní ọjà Ìpàtà wọ̀n? Igo kan ṣoṣo tó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ìpá, ìtọ̀ ṣúgà àti àìrọ́mọbí! Òróró dóńgóyárò ńkọ́, tó ń pa sípáàmù débi pé wọ́n dán an wò ní Íńdíà láti fi dènà oyún? Òwú tí a fi ń hun òfì pàápàá: ní Ṣáínà, àwọn ọkùnrin abúlé tó ń fi òróró èso òwú tí wọn kò sẹ́ se oúnjẹ kò rọ́mọ bí mọ́. Wọ́n yọ èròjà inú rẹ̀, gossypol, wọ́n fún ọkùnrin tó lé ní 8,000 lò bí oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Àwọn kan nínú wọn, sípáàmù wọn ò padà mọ́. Ewé àti èso náà kọ́ nìyẹn?

Ọkùnrin kan fa fìlà bojú wá bá mi, ìwé lábù mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀: gbogbo sípáàmù rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀ ti rí ìwé náà. Ẹni tó ń ta òróró fún un náà ti rí i, ó sì ti ta igo mẹ́rin lé e. Mo bi í bó ṣe gba àtọ̀ náà. Ó kọjú sí ògiri.

“Àǹtí lábù, òróró yẹn náà ni mo fi ra ọwọ́.”

Òróró ló kọ èsì, èsì ló tún ta òróró.

Mo ní kó fi ọwọ́ gbígbẹ gbà á. Wọ́n wà láàyè! Àmọ́ wọn ò lókun, 19 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló ń lọ síwájú. Bó ṣe sún mọ́ mi láti wo ìwé ni òórùn sìgá gbà mí nímú.

“Ọ̀pá mẹ́ta péré ni lójúmọ́, Àǹtí. Àti àṣáà díẹ̀, tí òtútù bá mú.”

Péré! Nikotínì, oró inú tábà, kì í jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀jẹ̀ á gbé e kiri, ohun tí ara sọ ọ́ dà, kotínínì, a máa ń bá a nínú àtọ̀. Èéfín tún gbé kádímíọ́mù dání, irin tí wọ́n ń fi ṣe bátìrì. Wọ́n á jọ máa jẹ okun sípáàmù, wọ́n á tún ba àbùdá inú rẹ̀ jẹ́. Àṣáà kò ní èéfín lóòótọ́, ṣùgbọ́n nikotínì rẹ̀ pé. Ẹ̀yin ọmọ Tankẹ́ ní Ìlọrin níbí tí ẹ ń fa ṣíṣà, omi inú rẹ̀ kò sẹ́ ẹ kúrò.

Nǹkan bí ọjọ́ 74 ni ara fi ń ṣe sípáàmù, kó tó tún lo ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kó gbó. Mo ní kó lọ fún oṣù mẹ́ta, kò gbọdọ̀ sí sìgá, àṣáà tàbí igo òróró. Ìwé àyẹ̀wò ìyàwó rẹ̀ wà nínú ọ̀rá kan náà, kò sí ohun tó ṣe é. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti ń fún obìnrin yẹn ní àsèjẹ.

Ó padà wá. 37 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń lọ síwájú. Oyún kò tíì dé nígbà yẹn o, n kò ní parọ́ fún yín, n kò ta igo. Ó ní kí n tẹ ìwé náà ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan fún ìyàwó òun, ọ̀kan fún ìyá òun, ọ̀kan fún òǹtajà òróró yẹn. Mo tẹ méjì fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀dà òǹtajà òróró, mo gba owó rẹ̀.