Àwọn amòye kò dé ibùjẹ ẹran

Bí a bá ń ṣe eré Kérésìmesì ní ìjọ wa ní Tánkè, Ìlọrin, àwọn ọmọ mẹ́ta tó ń ṣe amòye láti ìlà-oòrùn máa ń dé adé, wọ́n á gbé wúrà, tùràrí àti òjíá, wọ́n á kúnlẹ̀ síbi ibùjẹ ẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn olùṣọ́ àgùntàn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ Sọ́ńdè Sukúù ní eré yìí. Kò sí ìwé Ìhìnrere kankan tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lúùkù ló ní olùṣọ́ àgùntàn àti ibùjẹ ẹran, kò sọ̀rọ̀ amòye rárá. Mátíù ló ní amòye, inú ilé ló sì ní wọ́n ti bá ọmọ náà. Kò ka iye wọn. Ọrẹ ló jẹ́ mẹ́ta.

Láti kékeré ni wọ́n ti lú ìtàn méjèèjì pọ̀ fún wa, a wá gbà pé ohun kan náà ni ìwé Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Mátíù, Máàkù, Lúùkù àti Jòhánù, ń sọ. Níbi tí a ti jọ ń jẹun Kérésìmesì, ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ Mùsùlùmí bi mí pé, "Àbúrò, ìwé mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ wọn ò dọ́gba yìí, èwo lẹ ń tẹ̀ lé?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sí ìyàtọ̀ kankan." Ìdáhùn yẹn kì í ṣe òótọ́, ó sì dùn mí pé mo fún un.

Ìyàtọ̀ wà. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò le. Mátíù ní balógun ọ̀rún Kápánáúmù wá bẹ Jésù fúnra rẹ̀ nítorí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lúùkù ní àwọn àgbààgbà Júù ló rán. Yorùbá wo ni èyí máa rú lójú? Bí àwọn àgbà ilé ọkọ bá wá tọrọ ìyàwó, a ó ní Lágbájá ti wá tọrọ ọmọ wa, bẹ́ẹ̀ Lágbájá lè wà nílé rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Jòhánù náà dárúkọ Màríà Magidalénì nìkan níbi ibojì, ṣùgbọ́n ohun tí obìnrin náà sọ fún Pétérù ni pé "àwa kò mọ̀" ibi tí wọ́n tẹ́ Olúwa sí. "Àwa" kì í ṣe ẹnì kan.

Ìtàn ìbí Jésù le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lúùkù ní lẹ́yìn ìrúbọ ní tẹ́ńpìlì, wọ́n padà sí Násárétì, ìlú wọn. Mátíù ní láti Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ni wọ́n ti sá lọ sí Íjíbítì, ẹ̀yìn ikú ọba Hẹ́rọ́dù, tó fẹ́ pa ọmọ náà, ni wọ́n tó lọ tẹ̀dó sí Násárétì, nítorí pé wọ́n bẹ̀rù ọmọ rẹ̀ tó jọba ní Jùdíà. A lè tò ó pé láti tẹ́ńpìlì wọ́n kọ́kọ́ padà sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, tí àwọn amòye wá bá wọn níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ àwa la fi ìrìn àjò yẹn kún un, Lúùkù kò sọ ọ́.

Ti ìkànìyàn tó gbé Jósẹ́fù àti Màríà lọ sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ló wá le jù. Lúùkù fi í sí ìgbà Kíréníù, gómìnà Síríà. Josephus, òpìtàn Júù, fi ìkànìyàn Kíréníù sí àkókò tó bọ́ sí ọdún 6 lẹ́yìn Krístì, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé ọdún 4 ṣáájú Krístì ni Hẹ́rọ́dù, tí Mátíù ní ó wà lórí oyè nígbà tí wọ́n bí Jésù, kú. Àwọn kan ní ìkànìyàn mìíràn ti wà ṣáájú. Àwọn kan ní "ṣáájú Kíréníù" ló yẹ ká túmọ̀ ọ̀rọ̀ Lúùkù sí. Kò sí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn, mo sì ń sọ bẹ́ẹ̀ fún kíláàsì mi. Ìgbàgbọ́ mi nínú Jésù kò tìtorí ẹ̀ yẹ̀.

Àwọn baba ìjọ kò fi èyí pamọ́. Ní nǹkan bí ọdún 170, Tatian ará Síríà hun ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ẹyọ kan, àwọn ìjọ Síríà sì ń kà á fún ìgbà pípẹ́. Ní ọ̀rúndún karùn-ún, bíṣọ́ọ̀bù Theodoret kó ẹ̀dà rẹ̀ tó lé ní 200 kúrò nínú àwọn ìjọ rẹ̀, ó fi Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rọ́pò wọn. Ẹni tó fẹ́ bo ìyàtọ̀ mọ́lẹ̀ kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, a pín eré wa sí méjì. Lúùkù ṣáájú: àwọn darandaran òru, tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí, ni áńgẹ́lì kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. A pa iná, a gbé ibùjẹ ẹran kúrò, a to àga bíi ti inú ilé, kí àwọn àlejò láti ìlà-oòrùn tó wọlé wá wólẹ̀ fún ọba tí Hẹ́rọ́dù ń wá láti pa. Ìyá ọmọ kan bi mí pé kí ló dé tí àwọn amòye fi pẹ́. A ṣí Mátíù orí kejì, a jọ kà á.