Bí Àwọ̀ Ṣe Ń Dé Ojú Mọ́nítọ̀ Lórí Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Tó Ń Lo Linux

Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 1995 lè gba Linux tàbí NetBSD, àwọn ètò ìpìlẹ̀ tó ń darí kọ̀ǹpútà, sára láìsí wàhálà, kí ọ̀rọ̀ sì máa jáde ní funfun lórí dúdú bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá pe X, ètò tó ń ya fèrèsé àti àwòrán, ó lè jẹ́ àwọ̀ mẹ́rìndínlógún péré ni yóò hàn, tàbí kí ojú mọ́nítọ̀ ṣókùnkùn pátápátá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé kọ̀ǹpútà náà ti gbó jù. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìṣirò ni kò bára mu: iye mẹ́mọ́rì tó wà lórí káàdì fídíò, iye àwọ̀ tí wọ́n béèrè, àti ìyára tí mọ́nítọ̀ lè gbà.

Káàdì fídíò ní mẹ́mọ́rì tirẹ̀. Nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ fún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àmì tóótòòtó tí àwòrán fi ń di odidi, káàdì á sì máa ka gbogbo wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. VGA, irú káàdì fídíò kan tí ilé-iṣẹ́ IBM gbé jáde ní 1987, ní kìlóbáìtì 256, ìyẹn báìtì 262,144. Ojú tó fẹ̀ tó píksẹ́lì 640, tó sì ga tó 480, ní píksẹ́lì 307,200 lápapọ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba báìtì kan, tí í ṣe bíìtì mẹ́jọ, mẹ́mọ́rì náà kò ní gbà á. Bó bá jẹ́ bíìtì mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ kò ju báìtì 153,600 lọ, àyè á sì ṣẹ́kù. Bíìtì mẹ́rin kò sì lè ṣojú fún ju àwọ̀ 16 lọ, ìdí sì nìyẹn tí VGA fi dúró síbẹ̀ ní ìwọ̀n yẹn. Ìṣirò kan náà ló kan àwọn káàdì tó dé lẹ́yìn rẹ̀: 1024 lọ́nà 768 pẹ̀lú àwọ̀ 256 jẹ́ báìtì 786,432, tí mẹ́gábáìtì kan gbà dáadáa, ṣùgbọ́n àwọ̀ 65,536 ń fẹ́ báìtì méjì fún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 1,572,864, káàdì oní-mẹ́gábáìtì méjì ló sì lè gbé e. Ìṣirò yìí ló yẹ kó ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan fáìlì kankan.

Nígbà tí àwọ̀ bá jẹ́ 256, nọ́ńbà tó wà nínú báìtì kì í ṣe àwọ̀ fúnra rẹ̀. Ńṣe ló ń tọ́ka sí ìlà kan nínú àtẹ onílà 256, ìlà kọ̀ọ̀kan á sì sọ ìwọ̀n pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù tí yóò jáde. Lórí VGA, ìpele 64 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí ní, nítorí náà inú 262,144 ni a ti ń ṣa 256 tí a lè lò lẹ́ẹ̀kan náà. PseudoColor ni X ń pe ọ̀nà yìí, ibẹ̀ gan-an sì ni ohun tó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú ti ń wá, torí pé gbogbo ètò tó wà lójú mọ́nítọ̀ ló jọ ń lo àtẹ kan ṣoṣo. Bí ayálégbé tó kọ́kọ́ dé ṣe ń gba yàrá tó wù ú, bẹ́ẹ̀ ni ètò tó kọ́kọ́ ṣí ṣe ń gba ìlà. Netscape, ètò tí wọ́n fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì nígbà náà, a máa gba púpọ̀, èyí tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ á sì fara mọ́ àwọ̀ tó sún mọ́ èyí tó ń wá. Wọ́n lè fún un ní àtẹ tirẹ̀ nípa títẹ `netscape -install`, àmọ́ nígbà náà, bí fèrèsé rẹ̀ bá ti gba ojú iṣẹ́, àwọ̀ gbogbo fèrèsé yòókù á dàrú, wọn á sì padà bọ̀ sípò nígbà tí ẹni tó ń lò ó bá kúrò níbẹ̀. Kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú káàdì. Àtẹ ni wọ́n pààrọ̀. Ní bíìtì 16, kò sí àtẹ láti bá ara ẹni jà lé lórí mọ́: bíìtì márùn-ún jẹ́ ti pupa, mẹ́fà ti àwọ̀ ewé, márùn-ún ti búlúù.

Ìyára ló kù. XFree86, ẹ̀dà X kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 1992, ń ka a láti inú fáìlì XF86Config, nínú ìlà bí èyí:

`Modeline "640x480" 25.175 640 656 752 800 480 490 492 525`

Píksẹ́lì mílíọ̀nù 25.175 ló ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ 800, kì í ṣe 640, nítorí pé ìtànṣán inú mọ́nítọ̀ àtijọ́ nílò àkókò láti padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà. Bákan náà ni ìlà jẹ́ 525 dípò 480. Bí a bá fi 800 pín nọ́ńbà àkọ́kọ́, a ó rí nǹkan bí 31.5 kHz, ìyẹn ìlà bí 31,500 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, bí a bá tún fi 525 pín in, a ó rí ìgbà 59.94 fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Nọ́ńbà méjèèjì gbọ́dọ̀ wà láàárín ohun tí wọ́n kọ sí HorizSync àti VertRefresh, ibi tí fáìlì náà ti ń sọ ìyára tí mọ́nítọ̀ lè gbà, inú ìwé mọ́nítọ̀ náà gan-an ni kí wọ́n sì ti mú wọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe méfò níbí, nítorí ìyára tó kọjá agbára mọ́nítọ̀ àtijọ́ lè bà á jẹ́.

Bí kò bá sí ètò tó mọ káàdì náà í darí, vesafb, ètò kan tó lè darí ọ̀pọ̀ káàdì, wà nínú kernel, ìyẹn ọkàn Linux, bí BIOS káàdì, ètò kékeré tó wà nínú káàdì fúnra rẹ̀, bá ti mọ VESA 2.0, ìlànà kan tí ọ̀pọ̀ káàdì jọ ń tẹ̀lé. Wọ́n á kọ `vga=773` sí ìlà àṣẹ tí Linux ń kà nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀, fún 1024 lọ́nà 768 pẹ̀lú àwọ̀ 256, tàbí `vga=791` fún 65,536. Àwòrán á máa fà díẹ̀, torí pé kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń ya gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ á pé. Ní XFree86 3, `startx -- -bpp 16` ni wọ́n fi ń béèrè bíìtì 16; láti ìpele 4, tó jáde ní 2000, ó di `-depth 16`. Lẹ́yìn náà, `xdpyinfo` á sọ iye bíìtì tí X ń lò ní ti gidi, níbi tó bá ti kọ "depth of root window".