Kì í ṣe sójà nìkan: bí a ṣe ń wá orúkọ ẹbí tí bọ́ǹbù pa ní Ìlú Ọba

Àwọn ìdílé Yorùbá kan wà ní Kàdúná, Jọ́ọ̀sì, Kánò àti Àbújá tí ẹni wọn kan lọ sí Ìlú Ọba kí ogun Hítílà tó bẹ̀rẹ̀, tí kò padà wálé mọ́. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà tàbí dókítà, tàbí ó bá ọkọ̀ ojú omi ṣiṣẹ́ dé Liverpool. Ohun tó kù lẹ́nu àwọn àgbà ilé kò ju pé, "Bọ́ǹbù Jámánì ló pa á." Tí ọmọ-ọmọ bá ní òun fẹ́ tọpasẹ̀ rẹ̀, wọ́n á ní kó má wulẹ̀ dààmú: sójà nìkan ni òyìnbó ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ará ìlú tí bọ́ǹbù bá pa, ńṣe ni wọ́n kó wọn sí kòtò kan, ọ̀rọ̀ parí.

Ọ̀rọ̀ ò parí síbẹ̀ o. Fabian Ware, ẹni tó dá àjọ tó ń tọ́jú sàréè àwọn ọmọ ogun sílẹ̀, ló tẹnu mọ́ ọn pé ará ìlú tí ọ̀tá pa kò gbọdọ̀ kú bí ẹni tí kò lórúkọ. Nígbà tó fi di 1941, tí ogun ṣì ń lọ lọ́wọ́, àṣẹ ọba ti fi iṣẹ́ náà kún ti àjọ yẹn. Àjọ ọ̀hún là ń pè ní Commonwealth War Graves Commission, CWGC, lónìí. Orúkọ ará ìlú tí wọ́n kọ lé ní 66,000, ó sì wà nínú ìwé ńlá méje ní ṣọ́ọ̀ṣì Westminster Abbey ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn orúkọ náà wà lórí ìkànnì CWGC, kò sì sẹ́ni tó ń gbowó lọ́wọ́ ẹni kó tó wò ó. Abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni Nàìjíríà wà nígbà náà, nítorí náà ọmọ Nàìjíríà tí bọ́ǹbù pa níbẹ̀ kì í ṣe àlejò sí ìwé yìí.

Ohun tó mú kí àwọn èèyàn gbà pé kò sí orúkọ ni pé wọn kò rí òkúta. Sójà ní òkúta sàréè funfun tí CWGC ń tọ́jú títí dòní. Ti ará ìlú, orúkọ ni wọ́n kọ, wọn kì í tọ́jú sàréè rẹ̀. Ohun kejì ni pé ìwé yìí kò kan Ogun Àgbáyé Kìíní. Láti oṣù kìíní ọdún 1915 ni ọkọ̀ òfurufú Jámánì ti ń ju bọ́ǹbù sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì pa ará ìlú, ṣùgbọ́n àwọn yẹn kò sí nínú ìwé méje náà. Ẹni tó bá wá òkú 1917 níbẹ̀ yóò wá a tì. Bẹ́ẹ̀ náà ni CWGC kò dé ibi ogun abẹ́lé wa, 1967 sí 1970, torí ogun àgbáyé méjèèjì nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀.

Tí ẹ bá ṣí ibi ìwádìí lórí ìkànnì náà, ẹ yan Ogun Àgbáyé Kejì, kí ẹ sì yan "Civilian War Dead", ìyẹn ará ìlú tí ogun pa, níbi tí wọ́n ti ń béèrè ẹgbẹ́ ogun tí olóògbé wà. Ọ̀pọ̀ kì í yan èyí, ni àwọn sójà bá bo ẹni tí wọ́n ń wá mọ́lẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ìdílé nìkan, kí ẹ fi orúkọ àbísọ sílẹ̀ lófìfo. Tí kò bá jáde, ẹ pa orúkọ ìdílé náà rẹ́, kí ẹ lọ sí àyè "Additional information", kí ẹ kọ Nigeria síbẹ̀. Ẹ tún un kọ pẹ̀lú Lagos, Abeokuta, Ilorin, West Africa, lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ àdírẹ́ẹ̀sì olóògbé, orúkọ òbí rẹ̀ àti ìlú wọn, orúkọ ìyàwó, àti ilé tàbí òpópónà tó kú sí. Lójú tiwa, àyè yìí wúlò fún ọmọ Áfíríkà ju àyè orúkọ lọ.

Ìdí ni pé etí akọ̀wé òyìnbó ni orúkọ gbà kó tó dé orí ìwé. Kò sí àmì ohùn, kò sí àmì lábẹ́ ṣ. Adéṣínà lè di Adesina tàbí Adeshina. Ṣówándé lè di Sowande, Showande, kódà Sowandi. Súlè lè di Suley. Orúkọ àbísọ àti orúkọ bàbá lè yí ipò padà, kí Akínọlá di orúkọ ìdílé nígbà tó jẹ́ pé orúkọ tirẹ̀ gan-an ni. Ní ti ará Ìlọrin, Ọ̀ffà àti Kàbbà, ẹ rántí àṣà Òkè Ọya tí wọ́n fi ń so ìlú mọ́ orúkọ: ẹni tí ilé ń pè ní Sàlámì ọmọ Àlàbí lè wà nínú ìwé bíi Salami Ilorin. Ẹ kọ gbogbo ọ̀nà tí orúkọ náà lè gbà jáde sílẹ̀ kí ẹ tó jókòó sídìí fóònù.

Ọjọ́ náà tún ń ran ni lọ́wọ́. Ìkọlù ńlá sí Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ ní 7 September 1940, ó sì lọ títí di May 1941. Liverpool jẹ ìyà jù lọ láti 1 sí 7 May 1941. Láti June 1944 ni àwọn bọ́ǹbù V-1 tó ń fò láìsí awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já, V-2 sì tẹ̀ lé e ní September. Bí lẹ́tà rẹ̀ tó gbẹ̀yìn bá jẹ́ ti 1943, ẹ lè fi 1940 àti 1941 sílẹ̀ ná.

Tí orúkọ bá jáde, ohun kan wà tó máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Níbi tí wọ́n máa ń kọ itẹ́ òkú sí fún sójà, ẹ ó rí ohun bíi "Liverpool, County Borough" tàbí "St. Pancras, Metropolitan Borough". Ìjọba ìbílẹ̀ tó kú sí nìyẹn, kì í ṣe ibi tí wọ́n sin ín sí. Ẹni tí bọ́ǹbù bá ní àdúgbò kan, tó sì kú sí ọsibítù ní àdúgbò mìíràn, abẹ́ àdúgbò ọsibítù ni ẹ ó ti rí i. Nítorí náà, bí ẹ bá mọ̀ pé ilé WASU, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó wà ní South Villas, ní Camden, ló ń gbé, St Pancras ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ṣùgbọ́n ẹ má fi mọ síbẹ̀.

Sàréè rẹ̀ ńkọ́? Ọ́fíìsì itẹ́ òkú ti ìjọba ìbílẹ̀ náà ni kí ẹ kọ̀wé sí, pẹ̀lú orúkọ, ọjọ́ ikú àti ọjọ́ orí. Ti pé wọ́n sin àwọn kan papọ̀, òótọ́ ni. Ní itẹ́ òkú Anfield ní Liverpool, èèyàn 554 ló wà nínú sàréè kan, wọn kò sì dá 373 mọ̀ nínú wọn. Àmọ́ ẹni tí wọn kò dá ara rẹ̀ mọ̀ lè ní orúkọ nínú ìwé, nítorí wọ́n mọ ẹni tó wà nínú ilé tó wó, wọ́n sì mọ ẹni tí a kò rí mọ́.

Ìwé ẹ̀rí ikú ni kí ẹ wá lẹ́yìn náà. Fún England àti Wales, ọ̀dọ̀ General Register Office, GRO, ni ó wà. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì wọn, ẹ wá orúkọ nínú àtòjọ ikú, èyí tí wọ́n pín sí oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ kọ nọ́ńbà ìdì ìwé àti ojú ewé sílẹ̀, kí ẹ wá sanwó. Owó rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi pọ́n-ùn méjìlá, wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí Nàìjíríà. Tí ẹ kò bá rí i nínú oṣù mẹ́ta tí ikú rẹ̀ bọ́ sí, ẹ wo oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, nítorí ìgbà mìíràn wà tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó hú òkú jáde. Níbi tí wọ́n ń kọ ohun tó pa á sí, ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá ni "Due to war operations", ìyẹn ni pé ogun ló fa ikú rẹ̀. Bí ó bá wà níbẹ̀, ìtàn àwọn àgbà ti fìdí múlẹ̀. Bí ẹ bá rí ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí òtútù àyà nìkan níbẹ̀, bọ́ǹbù kọ́ ló pa á, a sì gbọ́dọ̀ gbà bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tó ń ṣe lè gbé orúkọ rẹ̀ lọ síbòmíràn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò tó ń kó èèyàn lọ sí ibi ìsádi, irú iṣẹ́ tí Ita Ekpenyon, ọmọ Nàìjíríà, ṣe ní St Marylebone, ará ìlú ni wọ́n kà wọ́n sí. Àwọn tó ń ṣọ́ iná náà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn Home Guard, ìyẹn àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láti gbé ìbọn ṣọ́ ìlú, abẹ́ àwọn ọmọ ogun ni ẹ ó ti rí wọn. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ tó bá òkun lọ, ẹ wá a lábẹ́ Merchant Navy, ìyẹn àwọn ọkọ̀ òkun akẹ́rù, ibi ìrántí wọn wà ní Tower Hill ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ní ti ilé níbí, àṣìṣe tó ń dùn wá jù ni kí ọmọ Ìlọrin tó ń gbé ní Kàdúná wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn láti wá fáìlì bàbá-ńlá rẹ̀. Lábẹ́ Òkè Ọya ni Ìlọrin àti Kàbbà wà láyé òyìnbó. Fáìlì Ajẹ́lẹ̀ Ìlọrin, tí wọ́n ń pè ní ILORPROF, àti ti Kàbbà, tí wọ́n ń pè ní LOKOPROF, wà ní National Archives ní Kàdúná. Ìbàdàn ni ti ará Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú àti Èkó. Ẹ béèrè ìwé àtòjọ fáìlì, ẹ wo àwọn ọdún 1940 sí 1946, ẹ wá ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ òkè òkun àti ogún òkú. Ìwé ìròyìn West African Pilot àti Daily Times ìgbà náà náà yẹ ní wíwò, pàápàá ọdún kan lẹ́yìn ikú, nígbà tí ìdílé máa ń gbé ìkéde ìrántí jáde.

Bí ìwé ẹ̀rí ikú bá wà lọ́wọ́ yín, tó sọ pé ogun ló pa á, tí orúkọ rẹ̀ kò sì sí lórí ìkànnì CWGC, ẹ kọ̀wé sí wọn. Wọ́n máa ń gba ẹ̀rí lórí orúkọ tí wọ́n fò. Ẹ fi àwòrán ìwé ẹ̀rí náà ránṣẹ́, pẹ̀lú orúkọ òbí rẹ̀ àti ìlú tó ti wá, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí orúkọ náà bó ṣe yẹ.